Ṣé Dandan Ni Kí N Sọ Ẹ̀yà Mi Nínú Fọ́ọ̀mù Ìwáṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mò ń wá iṣẹ́ tí mo lè máa ṣe láti ilé fún iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà. Tí mo bá ti fi CV sílẹ̀ tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé kan á tún yọ, á ní kí n sọ bóyá Hispanic ni mí (ìyẹn ẹni tí orírun rẹ̀ jẹ́ ti Spain tàbí Latin America), ẹ̀yà tí mo jẹ́, bóyá mo ti ṣiṣẹ́ ológun rí, àti bóyá mo ní ìpèníjà ara. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má dáhùn, pé bí wọ́n bá ti rí "Black," CV mi ti wọ pàǹtírí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí mi ò bá dáhùn, wọ́n á ní mò ń fi nǹkan pamọ́. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? *Olùwáṣẹ́, Yábàá.*

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó jẹ́ dandan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò síbẹ̀, ẹ ó rí "I do not wish to answer" tàbí ohun tó jọ ọ́. Ìdáhùn gidi nìyẹn náà, kò sì sí irọ́ níbẹ̀.

Ohun tó bí ìbéèrè Hispanic àti ẹ̀yà nínú ojú ìwé yẹn ni ìjábọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní EEO-1, èyí tí iléeṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń ṣe fún EEOC, àjọ tó ń gbógun ti ojúsàájú níbi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Iye ọkùnrin, iye obìnrin àti iye ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ipò kọ̀ọ̀kan ló ń wà nínú rẹ̀. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni. Kódà, bí òṣìṣẹ́ wọn tó wà lọ́hùn-ún bá kọ̀ tí kò sọ ẹ̀yà rẹ̀, iléeṣẹ́ lè fojú wò ó kí wọ́n sì kọ ohun tí ojú wọn rí.

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀rẹ́ yín kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí kò yẹ ló gbé e sí. Ìdáhùn ojú ìwé yẹn kò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ka CV. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ojúsàájú kò nílò rẹ̀: orúkọ yín, Yunifásítì Èkó àti +234 tó ṣáájú nọ́ńbà fóònù yín ti sọ gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ dáhùn, ẹ mú un díẹ̀díẹ̀. Hispanic tàbí Latino: "No." Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀yà, tí tiwa jẹ́ "Black or African American." Ọ̀pọ̀ ń fò ó torí pé wọ́n rí "American" níbẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni tí orírun rẹ̀ jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú Áfíríkà ló wà fún, ì báà má ní ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà. Ẹ ṣọ́ra lórí fóònù: "American Indian," ìyẹn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló sábà máa ń wà lókè pátápátá nítorí A, ìka sì máa ń yẹ̀ sí i. Ti ológun, iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ni wọ́n ń bèèrè. Àgùnbánirọ̀ tó wọ bàtà àti khaki ní kám̀pù kò sí níbẹ̀, sójà Nàìjíríà pàápàá kò sí níbẹ̀. "I am not a protected veteran" ni.

Ti ìpèníjà ara ló gba àkíyèsí jù. Bí iléeṣẹ́ náà bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní CC-305 ni ẹ lè rí. Ìdáhùn mẹ́ta péré ló ní: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, àti mi ò fẹ́ dáhùn. Kì í ṣe ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ nìkan ló wà fún. Ìtọ̀ ṣúgà, wárápá àti jẹjẹrẹ wà lára àpẹẹrẹ tí wọ́n tò síbẹ̀, ẹni tó ti ní in rí tó sì ti bọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe rèé: wọ́n á mú "bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n á wá máa retí pé kí iléeṣẹ́ fún wọn ní àkókò sí i nínú ìdánwò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní láti kọ ímeèlì ọ̀tọ̀ sí wọn kí ìdánwò tó dé.

Ìbéèrè kan tún wà tó ń fara jọ ìwọ̀nyí, àmọ́ tí kò sí lára wọn: ṣé ẹ ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣé wọ́n máa ní láti bá yín ṣe físà? Dandan ni ìyẹn. Òtítọ́ ni kí ẹ kọ síbẹ̀, torí ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ níbẹ̀ yóò fi ìwé hàn fún fọ́ọ̀mù I-9. Iṣẹ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ sí gbangba pé àwọn ń gba ará ìta Amẹ́ríkà ni kí ẹ máa wá.

Èrò tiwa? Bí ẹ bá máa ṣiṣẹ́ láti Yábàá, EEO-1 kò ní kà yín rárá, torí òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ 50 Amẹ́ríkà àti olú-ìlú wọn nìkan ló ń kà. Ẹ fò ó. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń ṣí lọ, ẹ dáhùn: iye tó wà nínú ìwé ni wọ́n fi ń mọ iléeṣẹ́ tí kì í gba irú wa. Ti iléeṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (UK) kò yàtọ̀ púpọ̀. "Prefer not to say" ni wọ́n máa ń pe tiwọn.

Ìbéèrè: Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí, ọkọ mi jẹ́ ọmọ Èkó, Ìsàlẹ̀ Èkó la sì ń gbé. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní kí n kọ ìpínlẹ̀ mi. Ṣé mo lè fò ó, àbí kí n kọ Èkó? *Ìyàwó Ilé.*

Ìdáhùn: Ẹ ò lè fo ìyẹn, ìyá wa. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 14(3), ló ní kí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kárí ẹ̀yà àti ìpínlẹ̀, àjọ Federal Character Commission ló sì ń ṣọ́ ọ. Ọ̀ṣun ni kí ẹ kọ. Ìlànà àjọ náà fi obìnrin tó ti lọ́kọ sílẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ẹ kọ Èkó síbi tí wọ́n ti bèèrè ibi tí ẹ ń gbé. Àpótí méjèèjì máa ń tẹ̀lé ara wọn, ọ̀pọ̀ ló ń gbé ọ̀kan sípò èkejì.

Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ bàbá yín. Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá ló wà lórí rẹ̀, tí fọ́ọ̀mù sì jẹ́ orúkọ ọkọ, ẹ so ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó mọ́ ọn. Kí ọkọ yín náà mọ èyí: ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà nínú òfin ilẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ mọ̀ ní Èkó, wọn ò mọ LCDA tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ti Yábàá LCDA wá, Lagos Mainland ni kó mú.

Ìbéèrè: Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé aládàáni kan ní Sùúrùlérè ń bèèrè ẹ̀sìn mi, jẹnotáìpù mi, àti bóyá mo lóyún. *Tíṣà.*

Ìdáhùn: Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní òfìfo. Òfin ìdáàbòbò déétà ti 2023 ka ẹ̀sìn àti ìlera mọ́ ọ̀rọ̀ tó gbẹgẹ́, ẹni tó bá ń gbà á gbọ́dọ̀ ní ìdí lábẹ́ òfin. Bí àmì ìràwọ̀ pupa bá wà níbẹ̀ tí fọ́ọ̀mù kò sì lọ, ẹ kọ "N/A." Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò HIV kí wọ́n tó gbà yín, òfin 2014 tó dáàbò bo àwọn tó ní HIV kò gbà fún wọn. Nínú CV tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, ẹ yọ ẹ̀sìn, ọjọ́ orí àti iye ọmọ kúrò. Orúkọ, fóònù, ímeèlì àti àdúgbò ti tó, ẹ má kọ nọ́ńbà ilé.