Èsì: Hóró bọ̀tujẹ̀ fún ọmọ tí kò rí ìgbẹ́ yà

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mọ̀mọ́ wa. Ẹ ní ṣé ẹ lè lọ hóró bọ̀tujẹ̀ fún ọmọ ọdún 4 tí kò rí ìgbẹ́ yà. Rárá o! Oje rẹ̀ ni àwọn àgbà ń kán sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Hóró rẹ̀, májèlé ni. Ó dùn lẹ́nu bí ẹ̀pà, ohun tó ń tan àwọn ọmọdé jẹ nídìí ọgbà nìyẹn. Kò ní pẹ́ tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á fi bẹ̀rẹ̀, omi ara á gbẹ. Ẹ má sọ pé ẹ máa yan án o, iná kì í pa oró rẹ̀ tán.

Kí ọmọ yín lè rí ìgbẹ́ yà, ẹ fún un ní omi dáadáa àti ìbẹ́pẹ. Bí ó bá ti jẹ hóró náà, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.