Owó kókó já wálẹ̀: ṣé kí ìjọba dá iye lé e?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, àwọn alágbàtà ló ń wá wa wọ oko. Ní báyìí, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń pè. Mo gbọ́ pé ìjọba ló ń dá iye lé kókó ní Ghana. Kí ló dé tí tiwa ò ṣe bẹ́ẹ̀? (Àgbẹ̀ kókó, Emùré-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oko o. Tiwa náà ṣe é rí. Ọdún 1986 ni wọ́n tú àjọ tó ń ra kókó ká, látìgbà náà, ọjà London àti New York ló ń pinnu ohun tí alágbàtà máa san ní Emùré. Ní oṣù Kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 12,000 ní New York. Nígbà tí 2025 fi ń parí, ó ti wálẹ̀ sí bí ìdajì. Náírà tó já láti oṣù Kẹfà 2023 náà wà nínú ohun tó mú owó yín pọ̀ nígbà yẹn.

Ti Ghana ní ojú kejì. Nígbà tí ọjà ayé ròkè, owó tí ìjọba dá lé e kéré sí ti ọjà gan-an, ni fàyàwọ́ bá ń kó kókó wọn sọdá ibodè. Lójú tiwa, òṣùwọ̀n ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bá ìjọba jà sí. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ àpò 16 ní kílò 62.5. Bí alágbàtà bá ń ka kílò 65 sí àpò kan, kílò 40 ti bọ́ lọ́wọ́ yín lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan.

Omi inú kókó ni wọ́n sábà máa ń fi gé owó yín. Kó má ju ìdá 7.5 nínú 100 lọ. Bó bá kọjá 8, àpò á bu nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má fi èéfín gbẹ ẹ o, òórùn yẹn kì í lọ mọ́.

Ó ku òfin igbó ti Yúróòpù. Wọ́n ti sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì, òpin 2026 ló kàn báyìí fáwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Kókó tó wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn December 31, 2020 ò ní wọlé, ti inú igbó ọba sì burú tán. Oko tí kò tó éékà 10, ojúàmì kan ṣoṣo (nọ́ńbà GPS tó ń fi ibi tí oko wà hàn) ló nílò. Èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní láti rìn yí ààlà rẹ̀ ká. Fóònù lè ṣe é, àmọ́ abẹ́ ewé kókó máa ń ṣì í lọ́nà: ẹ dúró níbi tí ojú ọ̀run ti hàn nínú oko, títí nọ́ńbà á fi dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ tó kọ ọ́, òǹkà mẹ́fà lẹ́yìn ààmì tó-tò (.) inú nọ́ńbà náà. Ẹ má lọ gbà á ní abà tí abà ò bá sí nínú oko.