Òwú tí ọ̀rẹ́ mi fi ń di lẹ́tà

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, màmá. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin, ọmọ ọdún 12, kì í yá mọ́ èèyàn, àti pé ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ san owó káńpù eré ìdárayá ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta fún un ní ọlidé gígùn yìí. Ẹ tún béèrè bóyá ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń bá níbẹ̀ máa ń tọ́jọ́, àbí ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì bá kó wọn padà sílé ló ń parí. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ọ̀rẹ́ tí mo rí ní irú káńpù bẹ́ẹ̀ ló bá mi tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn, nítorí náà ìbéèrè yín wọ̀ mí lára.

Ọmọ ọdún 13 ni mí lóṣù kẹjọ ọdún 2001, Ṣómólú là ń gbé. Bàbá mi gbọ́ pé àwọn kóòṣì kan fẹ́ kó àwọn ọmọ tó ń gbá tébù tẹ́níìsì jọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan n'Ìbàdàn, ó sì rán mi lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni èmi àti ọmọ Sùúrùlérè kan ti mú ara wa. Ibùsùn alájà méjì kan náà la jọ ń sùn, òun lókè, èmi nísàlẹ̀. A jọ ń jẹ bísíkíìtì lóru, a sì búra pé ikú nìkan ló lè yà wá.

Ẹni tí kóòṣì wá fi ṣe ìkejì mi nídìí tábìlì ni ọmọ Ìsẹ́yìn kan. Bàbá rẹ̀ ń hun aṣọ òfì, òun náà sì ti ń jókòó sídìí òfì láti kékeré. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lu níwájú, ó sì lè jókòó látàárọ̀ dalẹ́ kó má sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Mo fojú di í. Àfi ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbá! Ọwọ́ tó mọ́ ọn lára láti máa ta òwú láti ọ̀tún bọ́ sí òsì ló gbé wá sídìí tábìlì. Kò síbi tí mo gbá bọ́ọ̀lù sí tí mi ò bá a níbẹ̀.

Nígbà yẹn, 21 là ń ka géèmù sí, ẹnì kan á sáàfù, ìyẹn ni pé òun ni yóò kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, lẹ́ẹ̀márùn-ún kó tó kan ìkejì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni òfin tuntun máa bẹ̀rẹ̀ káàkiri àgbáyé, pé 11 ni kí wọ́n máa kà á sí, kí sáàfù sì di méjì méjì. Kóòṣì wá ní kí á máa gbá 21 láàárọ̀, kí á gbá 11 nírọ̀lẹ́. Láàárọ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn á jẹ́ kí n máa lọ, 10 sí 4, 15 sí 9, yóò wá máa bọ̀ lẹ́yìn mi wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sì fi 21 sí 19 nà mí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, èmi ni mò ń borí, nítorí 11 kò fún un láyè kí ara rẹ̀ tó móoru. Ohun tí mo ní ni kò ní, ohun tó ní ni mi ò ní. A ò tíì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn o. Inú ló kàn ń bí wa sí ara wa lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, mo ní ó ṣìrò mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì pè é ní ará oko lójú gbogbo èèyàn. Ó gbé báàtì rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde. Kóòṣì ò bá mi wí. Ó fún àwa méjèèjì ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan ṣoṣo, ó ní kí a lọ pọn omi ìwẹ̀ fún àwọn kékeré títí àgbá omi yóò fi kún. Ọwọ́ kan tèmi, ọwọ́ kan tirẹ̀. Irin tí a fi ń gbé e ti jáwọ́ lára igi rẹ̀, ó ń ge ọwọ́ mi. Nígbà tí a dé ìrìn kẹta, ó ní kí n dúró. Ó tú gèlè kékeré orí rẹ̀, ó fi eyín ya etí rẹ̀ kan, ó sì wé e mọ́ irin náà ní ọ̀dọ̀ tèmi. Tirẹ̀ wà ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó ti tán," ó sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, wọ́n kó wa lọ wo Liberty Stadium ní Òkè-Àdó, níbi tí Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní 1963, tí Fullmer ò lè kọjá ráúndì keje. Kóòṣì ní ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì pàdé kó tó parí. Ọmọ Ìsẹ́yìn yíjú sí mi, ó ní, "Àwa ti jà jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a délé. Ọ̀rẹ́ mi ti Sùúrùlérè, ẹ̀ẹ̀kan péré la tún ríra. A ò jà. Ibẹ̀ ò jìnnà, nítorí náà lójoojúmọ́ la ń sọ pé ọ̀la la máa lọ. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ti Ìsẹ́yìn ló jìnnà. GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà lóṣù yẹn gan-an, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, ta ló ní i nílé wa? Àmọ́ àǹtí rẹ̀ kan máa ń kó òfì wá tà n'Ísàlẹ̀ Èkó ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, inú ẹrù òfì sì ni lẹ́tà rẹ̀ ń bá wá. Òwú tó ṣẹ́kù nídìí òfì bàbá rẹ̀ ló fi ń dì í. Bí òwú bá pupa, mo mọ̀ pé àlàárì ni wọ́n ń hun lọ́wọ́; bó bá dúdú bí aró, ẹtù ni. Mo ṣì ní àwọn òwú náà nínú agolo mílíìkì kan. Ìyá mi ò ka tébù tẹ́níìsì sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n Sátidé tí àǹtí yẹn bá dé, yóò mú mi wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ gba lẹ́tà ọmọ tí kò rí rí. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é. Iṣẹ́ òbí nìyẹn, màmá, èyí tí owó káńpù ò lè san.

Nígbà tí wọ́n gbé ìyá mi wọ UCH ní 2009, ọ̀rẹ́ mi ti ń ta òfì ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn. Alẹ́ mọ́kànlá ló bá mi sùn níbẹ̀. Òun ló ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ara ìyá mi láràárọ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ̀ ló hun aṣọ ìgbéyàwó mi. Lóru ọjọ́ tí Quadri Aruna, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbá tébù tẹ́níìsì, na Timo Boll ará Jámánì ní Òlíńpíìkì Rio ní 2016, òun ló kọ́kọ́ pè mí, ariwo tó ń pa lórí fóònù jí ọkọ mi.

Tí ẹ bá ń di ẹrù ọmọ yín, ẹ di gàrí àti ẹ̀pà tó pọ̀ ju èyí tí òun nìkan lè jẹ lọ. Ẹ má lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ sunkún. Ẹ má sì bá a yan ọ̀rẹ́ nínú àwọn ọmọ tí ẹ bá rí lẹ́nu géètì. Lọ́jọ́ tó bá dé, ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ orúkọ tó ń dá. Bí ọmọ kan bá wà tó ń fi ìbínú dárúkọ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹ béèrè ibi tí àwọn òbí ọmọ náà ń gbé, kí ẹ sì wá owó ọkọ̀ sílẹ̀.