Èsì: Ṣé ọmọdé lè gun Òkè Ìdànrè?

Ẹ kú iṣẹ́ òbí, mà. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó ọmọ ọdún 5 àti ọdún 8 gun òkè, pé ibo ni kò ní le jù fún wọn láti Àkúrẹ́. Òkè Ìdànrè ni kí ẹ lọ, kò jìnnà rárá.

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀. Bí oòrùn bá ti mú àpáta, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ẹ má lọ lásìkò òjò, òkúta máa ń yọ̀. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, omi dáadáa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀, ó tán.

Lókè gan-an ni ẹ ti máa pẹ́. Orí òkè yẹn ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà níbẹ̀, kóòtù àtijọ́ náà wà, àti ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta tí wọ́n ń pè ní ipasẹ̀ Agbóògùn. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, kékeré tàbí ńlá. Ọmọ mi ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ̀, kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́! Inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Bó bá rẹ àbúrò ní ìdajì ọ̀nà, ẹ pọ̀n ọ́n, tàbí kí ẹ padà. Ẹ má fipá mú un.