Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ kúrò lórí fíìmù, ẹ wo ẹ̀yìn lẹ́ǹsì yín kí ẹ tó náwó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín pé kámẹ́rà fíìmù Nikon FM2 ló wà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm f/1.8D kan àti lẹ́ǹsì 28mm f/2.8 AI-S àtijọ́ kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí, pé owó ò pọ̀, pé ẹnì kan fẹ́ ta kámẹ́rà dígítà Nikon D3100 tọ́kùnbọ̀ fún yín, ẹ wá ní ṣé kí ẹ gbé e, ṣé lẹ́ǹsì yín máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, fílásì Vivitar yín ńkọ́. Tèmi ni pé ẹ má gbé D3100 yẹn. Ẹ ní sùúrù, ẹ fi owó díẹ̀ kún un, kí ẹ wá D7000 tọ́kùnbọ̀, tágbára ò bá wá ká a rárá, D90. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀, torí ojú mi rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí.

FM2 lèmi náà fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi n'Íbàdàn. Nígbà tí àwọn lábù tó ń fọ fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kọ́sítọ́mà ò sì fẹ́ gbọ́ "ẹ padà wá mú u lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" mọ́, mo gbé 50mm mi dání, mo lọ bá ẹnì kan tó ń ta kámẹ́rà tọ́kùnbọ̀. Mo gbé e lé orí kántà ẹ̀, mo ní bọ́dì (ìyẹn kámẹ́rà láìsí lẹ́ǹsì) tó máa bá èyí ṣiṣẹ́ ni mo ń wá o. Bàbá yẹn ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé D3100 síta, ó ki lẹ́ǹsì bọ̀ ọ́, ó yí i, ó dún "kọ́", ó ní Nikon ni, Nikon ni, ó ti wọlé, kí lẹ tún ń wá? Ó wọlé lóòótọ́, ẹnu ibi tí lẹ́ǹsì ń wọ̀ yẹn náà ni Nikon ń lò fún irú kámẹ́rà yìí láti 1959, ó ṣòro kó má wọlé. Wíwọlé kọ́ ni wàhálà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn lẹ́ǹsì AF àti AF-D bíi 50mm yín yẹn ò ní mótò nínú ara wọn, bọ́dì ló máa ń yí fókọ́ọ̀sì wọn, ìyẹn ibi tí àwòrán ti máa mú kedere. Nikon wá yọ mótò yẹn kúrò nínú àwọn kámẹ́rà wọn tówó wọn kéré, D40, D60, D3000, D3100, D3200, D5000, D5100, gbogbo ìran wọn yẹn. Lẹ́ǹsì tó bá ní mótò tiẹ̀ nínú, tí wọ́n kọ AF-S sí lára, nìkan ló lè mú fókọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ lórí wọn. D90 àti D7000 ṣì ní mótò. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ má bi í ní nǹkan kan, ẹ ní kó yọ ìdérí, kí ẹ wo òrùka irin tí lẹ́ǹsì ń wọ̀ sí. Tí ẹ bá rí irin tíńtín kan lápá ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó yọrí bí ẹnu ṣukudíráfà, mótò wà níbẹ̀. Tí ibẹ̀ bá dán lásán, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ máa ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fọwọ́ yí fókọ́ọ̀sì láti ìgbà FM2, kí ló kàn yín kan mótò. Ohun tí ọ̀gá kan tó ń pe ara ẹ̀ ní ògbóǹtarìgì sọ fún èmi náà nìyẹn, "fọtógíráfà gidi ń fọwọ́ yí i ni". Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán! Ihò tí à ń yọjú wò lára FM2 tóbi, ó mọ́lẹ̀, àwòrán tó là sí méjì sì wà láàárín ẹ̀, tí ìlà bá ti pàdé ìlà báyìí ẹ ti mọ̀ pé ó ti gún. Ti D3100 kéré, ó ṣókùnkùn, kò sí ìlà kankan láti pàdé ara wọn. Àmì aláwọ̀ ewé kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ tó máa tàn tí fókọ́ọ̀sì bá gún, ṣùgbọ́n ta ló ráyè wo àmì nígbà tí wọ́n bá ń ná owó sórí ìyàwó?

Òde ìgbéyàwó tí mo kọ́kọ́ gbé D3100 tí mo rà yẹn lọ, ìyá ìyàwó wọ lace funfun, gèlè ẹ̀ ga. Mo yí i títí, lójú tèmi ó ti gún. Mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó dáa (kò sí fọ́tò tí kì í dáa nínú gíláàsì kékeré yẹn, irọ́ ló ń pa). Mo délé, mo ṣí i sórí kọ̀ǹpútà, mo fà á tóbi. Etí gèlè mú bí abẹ, ẹ lè ka òwú ibẹ̀, ojú ìyá wá ṣú bàìbàì. Mo ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, yẹtí ló mú. Mo tún ṣí òmíràn, ejìká ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló mú, ìyàwó àtọkọ wà nínú kùrukùru. Tẹ́ ẹ bá ṣí lẹ́ǹsì dé f/1.8, ibi tó ṣí dé jù, tẹ́ ẹ sì sún mọ́ èèyàn, ibi tó máa mú ò nípọn rárá, kí onítọ̀hún kàn mí báyìí ó ti bọ́. Ìdajì owó wọn ni mo dá padà, ìyá ìyàwó yẹn ò sì kí mi mọ́ dòní. Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi, ó nàka sí ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tí a bá tà kì í padà.

Àwọn tó ń tún kámẹ́rà ṣe wá ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan kámẹ́rà mi kọ̀, kò ya nǹkan kan mọ́, ó kàn ń gbé àmì àṣìṣe kan, FEE, sí ojú. Mo gbé e lọ bá ẹnì kan, ó mì í, ó gbé e sétí, ó ní bóòdù ẹ̀ ti jó, ó dá owó lé mi. Orí ló yọ mí tí ọmọ iṣẹ́ ẹnì kan ní ẹ mú u wá ná, ó yí òrùka tó wà lára lẹ́ǹsì dé 22, ó tì í pa, kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ o! Orí òrùka la ti máa ń yan nọ́ńbà (bí ẹnu lẹ́ǹsì ṣe máa ṣí tó) lórí FM2, ó ti mọ́ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lórí DSLR, ìyẹn kámẹ́rà dígítà irú èyí, lẹ́ǹsì D bíi 50mm yín gbọ́dọ̀ wà lórí 22 yẹn, kẹ́ ẹ máa fi bọ́dì yan yòókù. Tẹ́ ẹ bá rí FEE, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó.

28mm yín ńkọ́. Á wọ D3100, á wọ D90, ṣùgbọ́n bọ́dì méjèèjì ò ní bá yín wọn ìmọ́lẹ̀, lórí M, níbi tẹ́ ẹ ti ń fọwọ́ yan gbogbo ẹ̀ fúnra yín, lẹ máa wà tẹ́ ẹ máa máa méfò. D7000 máa wọ̀n ọ́n, ẹ kàn máa wọ ménù, ẹ ó kọ 28 àti 2.8 sí i, ó parí. Ìdí tí mo ṣe gbé e ṣáájú D90 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì ní lẹ́ǹsì tó dàgbà ju 1977 lọ tí wọn ò tíì gé òrùka ẹ̀ kó lè bá kámẹ́rà tuntun mu, ẹ má tì í mọ́ D7000, ó lè kán irin kékeré tó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n o, 28 yẹn ò ní rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n mọ́. Sẹ́ńsọ̀ àwọn kámẹ́rà yìí, ìyẹn ohun tó ń gba àwòrán dípò fíìmù, kéré ju fíìmù lọ, ẹ fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀, 28 á máa wò bíi 42, 50 á máa wò bíi 75. Nínú pálọ̀ kékeré ẹ̀yìn yín á kan ògiri, ẹbí ò sì ní tíì wọlé tán. Torí náà ẹ fi owó lẹ́ǹsì 18-55mm kún owó yín, kò wọ́n.

Ìyókù rọrùn. Ẹ ya RAW, fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, tẹ́ ẹ lè fúnra yín tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù lórí lace funfun, fíìmù máa ń forí jì wá, sẹ́ńsọ̀ ò mọ ìdáríjì, ibi tó bá ti funfun tán kò séèyàn tó lè dá a padà. Mẹ́mórì káàdì ayédèrú kún ìta, ẹ fi H2testw, ètò kọ̀ǹpútà tó ń mọ káàdì ayédèrú, dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó gbé e lọ sóde ẹnikẹ́ni. Ẹ ya fọ́tò kan sórí káàdì tiyín ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ wo iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí nínú fáìlì ẹ̀, Nikon ní àwọn dán ti D7000 wò dé 150,000. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ǹsì, tẹ́ ẹ bá rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ funfun tó ń rá pálá, fungus ni, ẹ má bá wọn dúnàá dúrà. Àwọn tó ń pariwo megapixel, ẹ má dá wọn lóhùn, 16 tó wà nínú D7000 tó fún álíbọ́ọ̀mù èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀.

Háà, fílásì, mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Tó bá jẹ́ Vivitar 283 àtijọ́ ni, ẹ má gbé e lé kámẹ́rà ná, iná tó ń jáde lẹ́sẹ̀ òmíràn nínú wọn lé ní 200 volt, Nikon sì kọ ọ́ sínú ìwé kámẹ́rà pé ohun tó bá ju 250 lọ lè ba nǹkan jẹ́. Ẹ fún oníná àdúgbò yín kó fi mítà wọ̀n ọ́n, kí fílásì wà ní títàn, kó fi ẹnu mítà kan kan irin àárín lẹ́sẹ̀ ẹ̀, kó fi ìkejì kan irin ẹ̀gbẹ́. Tó bá ga, ẹ tà á fún ẹni tó ṣì ń lo fíìmù, kẹ́ ẹ wá fílásì Nikon SB-600 tọ́kùnbọ̀. FM2 ní tiẹ̀, ẹ má tà á o.