Ṣé kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ní ojú USB méjì péré lè bẹ̀rẹ̀ láti orí dísìkì àtìta (èyí tí a ń so mọ́ ọn láti ìta), kí ó sì tún lo òmíràn?
Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n dísìkì tí ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ so mọ́ kọ̀ǹpútà náà tààrà, kí ẹ sì so àwọn yòókù mọ́ USB hub (ẹ̀rọ kékeré tí ó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀) tí ó ní wáyà iná tirẹ̀. Iná ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí jù, nítorí pé 500 mA (mílíámpíà, ìwọ̀n iná) ni ìlànà USB 2.0 fún ojú kọ̀ọ̀kan, 900 mA sì ni ti USB 3.0, èyí tí dísìkì méjì lè gbà kọjá nígbà tí wọ́n bá ń gbéra. Bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ náà, ẹ tẹ F12 tàbí Esc (ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀), kí ẹ sì yan dísìkì náà.