Ọmọ Mẹ́rin, Kíláàsì Mẹ́rin, Ìyá Kan Ṣoṣo

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Owó ilé ìwé ti ju agbára òun àti ọkọ rẹ̀ lọ, ló bá kó àwọn ọmọ wálé, ó ń kọ́ wọn fúnra rẹ̀. Àkọ́bí, obìnrin, jẹ́ ọmọ ọdún 12. Àwọn tó tẹ̀ lé e jẹ́ 9 àti 6. Àbíkẹ́yìn jẹ́ 2. Ó ní: "Bí mo bá ń ṣàlàyé ìṣirò fún ẹnì kan, èkejì á ti sá síta, àbíkẹ́yìn á ti fa ìwé ya. Àkọ́bí mi ló ń bá mi kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ báyìí, òun fúnra rẹ̀ ò ráyè kàwé mọ́. Ariwo ni mo ń pa títí di ọ̀sán. Ọkọ mi ní òun ò rí ohun tí wọ́n ń kọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú làálàá, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ àkọ́bí yín ló ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba iṣẹ́ tíṣà lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n a máa tọ́jú àbúrò, kò sì sí aburú níbẹ̀: kó wẹ̀ fún un, kó bá a wá bàtà, kó pàlọ́ fún un lálẹ́. Ṣùgbọ́n kó máa dúró lé wọn lórí láti àárọ̀ di ọ̀sán, kó máa máàkì ìwé wọn, ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Kò ní ráhùn, torí ọmọ gidi ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 sọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ nílé ìwé ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3. Tó bá jẹ́ tèmi ni, àkọ́bí yín ni n ó kọ́kọ́ dá padà sílé ìwé, kí sáà tuntun oṣù kẹsàn-án tó wọlé. Ilé ìwé náà ni wọ́n ń gbà forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JSS 3. GCE tí WAEC ń ṣe fún àwọn tí kò sí nílé ìwé wà lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn ṣì jìnnà sí ọmọ ọdún 12.

Ní ti àwọn tó kù, ẹ má dá kíláàsì sílẹ̀ fún oníkálukú nínú pálọ̀ kan. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ìwé kíkà àti ìṣirò ló gba pé kí ẹ jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìyókù, ẹ kọ́ wọn pọ̀, kí iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe lẹ́yìn rẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ẹ mú ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ sè. Kí ọmọ ọdún 6 ka hóró rẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kó tò ó ní òkìtì-òkìtì. Kí ọmọ ọdún 9 fi kọ́ọ̀bù wọn kóńgò kan, kó ṣírò iye tí kọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹ wá fi hóró mélòó kan sínú òwú tútù nínú ìgò. Láràárọ̀, èyí kékeré á yà á, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fi rúlà wọn gbòǹgbò rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Àbíkẹ́yìn náà á máa fọwọ́ ro ẹ̀wà tirẹ̀ nínú abọ́, ẹ ṣáà ṣọ́ ọ kó má kì í bọ imú.

Yorùbá ni kí ẹ fi ṣàlàyé, kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán èyí wò láti ọdún 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ yẹn ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Láàárọ̀, àbíkẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ bá a ṣeré kó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ẹ tó ṣí ìwé kankan, torí ọmọ tó bá ti rí ìyá rẹ̀ gbà kì í dààmú èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé èyí ọdún 6 sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń kà á. Bíi 20 ìṣẹ́jú ti tó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè máa dá kàwé lásìkò náà. Tí àbíkẹ́yìn bá sùn lọ́sàn-án, ẹ jókòó ti èyí ọdún 9, kí ẹ ṣe ìṣirò tó le. Ẹ má da ara yín láàmú pé wákàtí tí ẹ lò kò tó ti ilé ìwé. Púpọ̀ nínú wákàtí ilé ìwé, orí ìlà àti dída ojú pátákó kọ ló ń lọ.

Ẹ má bá báálé yín jà. Kò rí ohun tí wọ́n ń kọ́ torí pé ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó wọlé, wọ́n sì ti kó ìwé kúrò nílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti jẹun tán, kí àwọn ọmọ gbé ìwé wọn wá bá a, kí kálukú ka nǹkan kan sí i létí tàbí kó ṣe ìṣirò kan lójú rẹ̀. Ẹ má bá wọn dá sí i. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ bi wọ́n ní ìbéèrè.